Ìpàdé Ojoojúmọ́ Tí Kò Yanjú Nǹkan Kan: Ìdáhùn Fún Ẹni Tó Ń Darí Òṣìṣẹ́ Láti Òkèèrè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ méje ni mò ń darí nílé iṣẹ́ kékeré kan tó ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìṣirò owó. Mẹ́ta wà ní Ìbàdàn, méjì wà ní Èkó, ẹnì kan wà ní London, ẹnì kan sì wà ní Houston. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ojoojúmọ́ la máa ń ṣe ìpàdé fún wákàtí kan lórí Zoom, síbẹ̀ bí a bá ti parí, ẹnì kọ̀ọ̀kan á tún pè mí láti béèrè ohun tí a fẹnu kò sí. Àwọn ará Ìbàdàn kì í sọ̀rọ̀ rárá, ẹni tó wà ní Houston sì ń ráhùn pé oorun òun kò pé mọ́. Ọ̀nà wo ni mo lè gbà tún un ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní kíkún. Bí mo ṣe wò ó, ìpàdé kan ṣoṣo lẹ gbé iṣẹ́ mẹ́ta lé lórí: ibẹ̀ lẹ ti ń gbọ́ ìròyìn, ibẹ̀ lẹ ti ń pín iṣẹ́, ibẹ̀ náà lẹ sì ti fẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ tó bá ta kókó. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti ìkẹyìn nìkan ló tọ́ kí ẹ tìtorí rẹ̀ kó gbogbo ènìyàn jọ. Ẹ fi méjì yòókù sílẹ̀ fún àkọsílẹ̀, kí ẹ sì dín ìpàdé kù sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú ọ́fíìsì, ẹ ó rí ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé, ẹ ó sì tún un sọ kó tó dìde. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń pa kámẹ́rà nítorí dátà, orúkọ lásán lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí ojú ìbá ṣe ti di iṣẹ́ ìwé nìyẹn. Kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù níbi tí kálukú wà, kí ó ti kọ ìlà mẹ́ta ránṣẹ́: ohun tó parí lánàá, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, àti ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Ẹ lè lo WhatsApp fún èyí, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìpinnu pamọ́ síbẹ̀, torí pé kó tó di ọjọ́ kejì, ìkíni ọjọ́ ìbí àti "ẹ kú ojúmọ́" yóò ti bò ó mọ́lẹ̀. Ojú ìwé kan lórí Google Docs, tí gbogbo yín lè ṣí, ló dára jù fún ìpinnu.

Ẹni tó wà ní Houston kò ráhùn lásán. Nàìjíríà kì í yí aago padà láàárín ọdún, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń yí i. Wákàtí 7 ni Houston fi wà lẹ́yìn wa nígbà òtútù wọn, ó ń di 6 nígbà tí wọ́n bá ti aago síwájú. Aago mẹ́wàá àárọ̀ tiyín jẹ́ aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin òru fún un. Bí ẹ bá sún ìpàdé sí aago mẹ́ta ọ̀sán, yóò jẹ́ aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án àárọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, yóò sì jẹ́ aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán ní London. Ẹ ṣọ́ra fún oṣù Kẹta: ọjọ́ Àìkú kejì oṣù náà ni Amẹ́ríkà ń ti aago síwájú, ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta wà láàárín tí ìṣirò tí ó ti mọ́ yín lára kò ní bá ibi méjèèjì mu. Ẹ máa kọ aago ìlú kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ìpè.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìbàdàn ló gba ìrònú jù. Ó lè jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ó sì lè jẹ́ iná ni wọn kò ní. Ẹ bi wọ́n léèrè ní ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá pàdé jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni ọ̀wọ̀. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í já ọ̀gá rẹ̀ nírọ́ lójú àwùjọ, bí ẹ bá sì ti sọ èrò tiyín tán kí ẹ tó béèrè tirẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá" nìkan ló kù tó lè sọ. Èmi náà ti jìyà èyí rí: mo béèrè nínú ìpàdé pé ṣé ó yé wọn, gbogbo wọn ní ó yé àwọn, nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, ènìyàn méjì ti ṣe iṣẹ́ kan náà, iṣẹ́ mìíràn sì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Láti ìgbà náà, n kì í béèrè bóyá ó yé ènìyàn. Mo máa ń ní kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ bí òun yóò ṣe ṣe iṣẹ́ náà, kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ lé e, èmi a sì sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ọjọ́ tó ṣáájú ni mo sì máa ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wọn, nítorí bí a bá kàn dédé dárúkọ ènìyàn lójú gbogbo ẹgbẹ́, ìtìjú ló máa ń bí, kì í bí ọ̀rọ̀.

Ní ti gígùn ìpàdé, Zoom tí a kò sanwó fún máa ń já lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40. Bí ẹ tilẹ̀ ń sanwó, ẹ fi 40 yẹn ṣe òdiwọ̀n. Ẹ ṣí kámẹ́rà láti fi kí ara yín, kí ẹ wá pa á, torí pé fídíò ń jẹ dátà ju ohùn lọ fíìfíì, kí ilé iṣẹ́ sì máa san owó dátà náà. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà fóònù ẹnì kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ gbogbo yín: ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà láìsí ìkìlọ̀ kankan.

Ẹ yan akọ̀wé, kí ẹ máa gbà á ṣe ní ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ó ka ìpinnu sókè kí ẹ tó tú ká: ohun tí a fẹnu kò sí, ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ tí yóò parí. Lẹ́yìn èyí, bí ẹnikẹ́ni bá tún pè yín láti béèrè ohun tí ẹ sọ, ẹ má ṣàlàyé. Ẹ ní kó lọ ka ojú ìwé náà. Bí kò bá sì rí i níbẹ̀, kì í ṣe òun ló jẹ̀bi, kí ẹ̀yin àti akọ̀wé fi kún un lójú ẹsẹ̀.