Aládùúgbò Mi Ò Fẹ́ Bá Mi Sọ̀rọ̀ Mọ́ Lẹ́yìn Tí Mo Wàásù fún Un

ÌBÉÈRÈ: Ilé oníyàrá ojúkojú là ń gbé n'Íbàdàn. Mùsùlùmí ni ìyá tí yàrá wọn kọjú sí tèmi, oníṣẹ̀ṣe sì ni bàbá onílé. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ Jésù, àmọ́ ìgbà tí mo wàásù fún ìyá náà, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn ò fi dá mi lóhùn. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

ÌDÁHÙN: Ẹ ò kọ ohun tí ẹ sọ gan-an. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń ba gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́.

Bí Kristẹni bá ní "Ọmọ Ọlọ́run ni Jésù," ẹni tó ń ka Súrà 112 nínú ìrun, pé Ọlọ́run kò bímọ, a kò sì bí I, lè gbọ́ ọ bíi pé Ọlọ́run fẹ́ ìyàwó. Ọ̀rọ̀ òdì gbáà ni létí wọn. Ẹ kọ́kọ́ mú ìyẹn kúrò nílẹ̀: "Ìyá, àwa náà ò gbà pé Ọlọ́run láya o." Ẹ wá ṣàlàyé ohun tí a ní lọ́kàn. Kí ẹ tó la ẹnu rárá, ẹ tọrọ àyè: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè sọ ohun tí mo gbà gbọ́ fún yín?" Bí wọ́n bá ní rárá, ó parí nìyẹn. Bí wọ́n bá gbà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Kó má jẹ́ ìgbà tí wọ́n ń dáná ìṣínu nínú ààwẹ̀, ẹ má sì fẹnu kan Ànábì.

Ti bàbá onílé yàtọ̀. Bíbélì Yorùbá pe ọ̀tá Ọlọ́run ní Èṣù, ó sì ti mọ́ wa lẹ́nu. Lọ́dọ̀ oníṣẹ̀ṣe, òrìṣà ni Èṣù, òun ló ń gbé ẹbọ dé ọ̀run; kì í ṣe ọ̀tá Olódùmarè. Bí ẹ bá ní "Èṣù ló ń lò yín," ẹ ti bú bàbá, ẹ ò sì tíì sọ nǹkan kan nípa Jésù. Ọ̀tá Ọlọ́run tí ẹ ní lọ́kàn, Sátánì ni kí ẹ máa pè é. "Kèfèrí" àti "abọ̀gìbọ̀pẹ̀," ẹ má jẹ́ kí wọ́n jáde lẹ́nu yín láéláé. (Àwa tí à ń ṣe fọ́ńté nípa ẹ̀sìn ẹlòmíì, ẹnu Mùsùlùmí la ti rí "wàásù" àti "àdúrà" o, Lárúbáwá ni wọ́n ti wá.)

Ẹ má sì kánjú. Lọ́dún 1846 ni Samuel Àjàyí Crowther tún fojú kan ìyá rẹ̀ l'Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti kó o lẹ́rú. Ọdún 1848 ni ìyá tó ṣèrìbọmi, bẹ́ẹ̀ ọmọ bíbí inú wọn ló ń wàásù fún wọn.

Bí ìyá bá gbé ẹran Iléyá wá fún yín ńkọ́? Àwọn pásítọ̀ ò fẹnu kò lórí rẹ̀. Bí ọkàn yín ò bá gbà á, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀: "Ẹ ṣeun mà, mo bá yín yọ̀, àmọ́ ìgbàgbọ́ mi ò jẹ́ kí n lè jẹ ẹ́." Èyí tó burú ni kéèyàn fẹ̀rín gbà á, kó wá lọ dà á sáàtàn. Ọmọdé á rí i, á sì lọ rò fún ìyá rẹ̀.

Abala 38 nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 fún yín láṣẹ láti polongo ẹ̀sìn yín. Abala yẹn kan náà ló fún ìyá láṣẹ láti dúró sínú tiwọn.

Ní báyìí, ẹ lọ kí wọn láàárọ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n nítorí gbólóhùn tó dùn wọ́n, kí ẹ sì padà. Ẹ má fi ẹ̀bẹ̀ náà ṣe ọ̀nà àtitún wàásù, ẹ má sì rán ará ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn sí wọn. Ẹ má mú àwọn ọmọ wọn lọ sí ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi láìjẹ́ pé òbí gbà, kódà bí ọmọ bá ń sunkún pé òun fẹ́ tẹ̀ lé yín.