Mo Ti Pa Ẹ̀bà Tì, Mo Ń Rìn Láràárọ̀, Síbẹ̀ Ìwọ̀n Mi Ò Lọ Sílẹ̀

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 44 ni mí, olùkọ́ sì ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Abẹ́òkúta. Mo ti bímọ mẹ́ta. Mo ga ní mítà 1.62, mo sì wọn kílò 96. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti pa ẹ̀bà àti iyán tì. Wíìtì àti àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń jẹ. N kì í jẹun àárọ̀ mọ́. Bí ebi bá pa mí níbi iṣẹ́, ẹ̀pà ni mo máa ń rà. Ní ìdájí, èmi àti aládùúgbò mi máa ń rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Kílò méjì kọ́kọ́ lọ, ó sì ti padà dé. Ọkọ mi ní àfi kó jẹ́ pé mò ń jẹun ní kọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí olóṣù mẹ́ta ni mò ń gbà. Ẹnì kan wá ń polówó tíì kan fún mi, ó ní ó ń fa ọ̀rá ikùn jáde. Ṣé kí n rà á? Àbí àìsàn kan ló wà lára mi?
Ìyá Dárà, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Ìyá Dárà, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má ra tíì yẹn. Màá sọ ìdí rẹ̀. Ẹ sì bá mi kí Bàbá Dárà, kí ẹ sọ fún wọn pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ìwọ̀n wọn kò lọ sílẹ̀ tí mò ń rí lẹ́nu iṣẹ́ oúnjẹ àti ìlera yìí kì í jẹun ní kọ̀rọ̀. Ojú gbangba loúnjẹ náà ti ń wọlé. A kàn kì í kà á mọ́ oúnjẹ ni.

Ní 1992, àwọn oníṣègùn kan ní New York gbé ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine. Àwọn mẹ́wàá tí wọ́n yẹ̀ wò ò ju irú yín lọ: gbogbo wọn ní àwọn kì í jẹ tó 1,200 kálórì lójúmọ́, síbẹ̀ àwọn ò tẹ́ẹ́rẹ́. Kálórì yìí ni a fi ń ka agbára tó wà nínú oúnjẹ àti èyí tí ara ń ná. Wọ́n fún wọn ní omi àkànṣe kan mu, èyí tó máa ń jẹ́ ká mọ iye agbára tí ara ń ná láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí ohun tó ṣe ara wọn. Ó ń ná agbára bó ṣe yẹ. Oúnjẹ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ló fi ìpín 47 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí èyí tí wọ́n jẹ, wọ́n sì fi ìpín 51 bù kún ìdárayá tí wọ́n ṣe. Wọn kì í ṣe òpùrọ́ o. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ tọkàntọkàn ni wọ́n kọ. Èmi tí mò ń kọ èyí, bí ẹ bá ní kí n sọ ohun tí mo jẹ láti àná láìwo ìwé, màá gbàgbé nǹkan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo inú ìkòkò yín. Òkèlè ni gbogbo ayé máa ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn, wọn kì í dárúkọ ọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, epo pupa ni o, òróró ni o, gíráàmù ọ̀rá kan ní kálórì 9, nígbà tí gíráàmù ṣúgà tàbí sítáàṣì kan ní 4. Ẹ mú agolo mílíìkì kékeré tí ọ̀pọ̀ wa fi ń wọn epo. Bí epo bá kún inú rẹ̀, ó lé ní 1,300 kálórì. Ká ní ẹ fi epo agolo kan ro ẹ̀fọ́, tí ẹ̀yin márùn-ún inú ilé sì jẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan ti gba 260 láti ara epo nìkan, ká tó kan ẹran, ká tó kan pọ̀mọ́, ká tó wá kan òkèlè. Ẹni kílò 96 tó rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tó sì ń gbẹ́sẹ̀ dáadáa, nǹkan bíi 170 ló ń ná. Ẹ ò tíì jókòó jẹun tán tí ìrìn ìdájí fi ti lọ.

Ẹ̀pà tí ẹ fi ń pa ebi ńkọ́? Oúnjẹ gidi ni ẹ̀pà, n kò ní kí ẹ má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n 100 gíráàmù rẹ̀ ní nǹkan bíi 570 kálórì. Ẹ̀kúnwọ́ kan péré ti tó ìrìn yín tòwúrọ̀, ta ló sì ń jẹ ẹ̀kúnwọ́ kan? A ń jẹ ẹ́ bá a ṣe ń máàkì ìwé, ọwọ́ ń lọ, ọwọ́ ń bọ̀, ó di ìgbà tí náílọ́nù ẹ̀pà bá ṣófo ká tó mọ̀.

Ní ti wíìtì, ibẹ̀ ni wọ́n ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ìyẹ̀fun wíìtì, gààrí, èlùbọ́ iṣu, èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀: ẹ wọn 100 gíráàmù ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbígbẹ, gbogbo wọn ò jìnnà sí 350 kálórì. Wíìtì tí wọn ò bó èèpo rẹ̀ lè pẹ́ níkùn díẹ̀ ju ẹ̀bà lọ, èyí dáa. Àmọ́ ẹni tó fi ẹ̀bà kékeré sílẹ̀ tó wá ń jẹ wíìtì ràgàjì nítorí pé wọ́n ní kì í mú ni sanra, kò tíì ṣe nǹkan kan. Bí òkèlè ṣe tóbi tó ló ṣe pàtàkì, orúkọ rẹ̀ kọ́.

Ẹ tún wá rántí ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀yin ará Ògùn, ẹ má bínú sí mi: ìrẹsì ọ̀fadà ò ní ẹjọ́, ọbẹ̀ ayamáṣe tó ń bá a rìn ni kí ẹ ṣọ́ra fún, torí epo ni wọ́n fi ṣe é láti ìsàlẹ̀ dókè. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀, kí ẹ fi ṣíbí fa epo orí rẹ̀ kúrò, kí ẹ tó bu ti abẹ́. Ìgò mọ́ọ̀tì kan lè tó 150 sí 200 kálórì, kì í sì í pa ebi kankan. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò onígò ńlá, ìyẹn 50cl, lè ní ṣúgà tó tó ṣíbí tíì méjìlá. Lóde àríyá kan ṣoṣo, èèyàn lè fi mọ́ọ̀tì méjì àti pọfù-pọ́ọ̀fù díẹ̀ ba gbogbo ìsapá ọ̀sẹ̀ kan jẹ́. Mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin ìyá ń jẹ àjẹkù ọmọ. Ìrẹsì tí Dárà fi sílẹ̀, ẹ ní kò yẹ kó ṣòfò. Ẹ dà á padà sínú ìkòkò.

Ìrìn yẹn ńkọ́, ṣé kí ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró? Ẹ má dán an wò. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀marùn-ún jẹ́ 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Iye yẹn gan-an ni wọ́n lò nínú ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 2002: àwọn tí àtọ̀gbẹ ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé lórí ń ṣe 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń wá bí ìpín 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n wọn ṣe máa lọ. Iye àwọn tí àtọ̀gbẹ mú nínú wọn fi ìpín 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrìn ń ran ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti oorun lọ́wọ́, ó sì wúlò gidigidi fún ẹni tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò fẹ́ kó padà. Ohun tí kò lè dá ṣe ni kó san gbèsè oúnjẹ.

Ẹ̀rí èyí wà nílẹ̀ wa níbí. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Loyola ní Chicago fi àwọn obìnrin abúlé ní Nàìjíríà wé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ìlú Chicago. Ìpíndọ́gba ìwọ̀n àwọn tiwa jẹ́ nǹkan bíi kílò 57, tàwọn ti Chicago jẹ́ 83. Gbogbo èèyàn á ti rò pé iṣẹ́ oko àti omi pípọn ló fà á. Nígbà tí wọ́n wọn agbára tí wọ́n ń ná lójúmọ́ nídìí iṣẹ́ àti ìrìn, nǹkan bíi 800 ni ti Nàìjíríà, 760 ni ti Chicago: ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan. Oúnjẹ làwọn olùwádìí náà fura sí. Àwọn ará abúlé yẹn ń jẹ oúnjẹ tí ọ̀rá inú rẹ̀ kéré, tó sì kún fún èèpo àti okùn ẹ̀fọ́.

Ẹ ní ẹ kì í jẹun àárọ̀. Bó bá rọ̀ yín lọ́rùn tí ẹ kò sì jẹ ju bó ṣe yẹ lọ lálẹ́, n kò ní jà yín níyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà tí ẹ ń rà yẹn ti fi hàn pé ebi ń pa yín. Mọ́ínmọ́ín ewé kan tàbí ẹyin sísè méjì láàárọ̀ á jẹ́ kí ọwọ́ yín fúyẹ́ lọ́sàn-án.

Ẹ bi mí bóyá àìsàn ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ bá nọ́ọ̀sì sọ. Kì í ṣe gbogbo obìnrin ló ń mú sanra, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, àwọn tí ìwọ̀n wọn bá sì gòkè kíákíá láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ló sábà máa ń gòkè lọ. Ẹ yẹ káàdì yín wò: kí ni ìwọ̀n yín nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ẹ má kàn ṣàdédé dá a dúró kí oyún má lọ yọjú. Ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní họ́mọ̀nù nínú, bíi kọ́pà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ.

Lẹ́yìn èyí, oògùn. Ǹjẹ́ ẹ ń ra oògùn oríkèé tàbí àgbo ara ríro lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri? Wọ́n ti rí dexamethasone nínú irú rẹ̀ rí, oògùn yìí kan náà làwọn ọmọge kan ń rà ní kẹ́mísì kí wọ́n lè sanra. Ó ń mú ojú wú, ó ń kó ọ̀rá jọ sí ikùn àti ẹ̀yìn ọrùn, apá àti ẹsẹ̀ á wá tín-ín-rín. Ẹni tó bá ti ń lò ó tipẹ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà, ó léwu. Àwọn oògùn àtọ̀gbẹ kan, ti ọpọlọ kan àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà lè mú ìwọ̀n gòkè; dókítà nìkan ló lè yí wọn padà fún yín.

Tàírọ́ìdì tó wà níwájú ọrùn ni gbogbo èèyàn máa ń dá lẹ́bi. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, òtútù á máa mú yín nígbà tí kò mú ẹlòmíì, ara á máa rẹ̀ yín, awọ á gbẹ, ìgbẹ́ á le, nǹkan oṣù lè máa wá lọ́pọ̀. Síbẹ̀ kílò méjì sí márùn-ún ló sábà ń fi kún ìwọ̀n, omi sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Kò lè gbé èèyàn láti 65 dé 96.

Ó kù tíì. Ewé tàbí oògùn ìṣunú ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ óò ṣu, ẹ óò tún ṣu, òṣùwọ̀n á fi kílò kan tàbí méjì dín, omi ló lọ. Ẹ bá mu omi lọ́jọ́ kejì, ó padà. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n ti bá sibutramine nínú irú àwọn tíì bẹ́ẹ̀, oògùn tó ń dín ebi kù tí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti kó kúrò lórí àtẹ ní 2010 nítorí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Semaglutide, abẹ́rẹ́ ìdín-ìwọ̀n-kù táwọn ará òkè òkun ń sọ lásìkò yìí, ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́, àmọ́ owó gọbọi ni, ayédèrú rẹ̀ ti wà nígboro, kì í sì í ṣe ohun téèyàn ń rà lórí WhatsApp.

Ohun tí ẹ óò ṣe nìyí. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu yín fún ọ̀sẹ̀ kan, Sátidé kò gbọ́dọ̀ yọ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó jẹ ẹ́, ẹ má dúró di alẹ́. Ẹ fi ṣíbí ìjẹun wọn epo sínú ọbẹ̀: ṣíbí kan fún ẹnì kan, ó ti tó, nǹkan bíi 120 kálórì sì nìyẹn. Òkèlè kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ṣẹ́ yín lọ. Ẹ̀fọ́ tàbí ilá ló yẹ kó gba ìdajì àwo, ẹja tàbí ẹ̀wà kó gba díẹ̀. Ẹ̀pà, ẹ̀kúnwọ́ kan nínú abọ́, kì í ṣe láti inú náílọ́nù. Lẹ́yìn ogójì ọdún, iṣan ara ń dín kù bí a kò bá lò ó, nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ jókòó sórí àga kí ẹ máa dìde láìfọwọ́ ti nǹkan, ẹ ṣe é títí yóò fi rẹ itan yín. Kí ẹ sì sùn tó wákàtí méje. Àìsùn máa ń fi kún ebi ọjọ́ kejì.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí ẹ gun òṣùwọ̀n, láàárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀. Kílò méjì tó yára lọ lákọ̀ọ́kọ́ yẹn, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, kò yà mí lẹ́nu pé ó padà. Ìdajì kílò lọ́sẹ̀ dára. Lọ́sẹ̀ tí nǹkan oṣù bá fẹ́ dé, ó lè má yí padà rárá, kódà ó lè gòkè díẹ̀. Ẹ tún fi tépù aránṣọ wọn ìbàdí yín lóṣooṣù, torí ikùn lè rọ̀ kí òṣùwọ̀n tó sọ̀rọ̀. Kílò márùn-ún péré tó bá lọ nínú 96 ti tó láti ran ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́.

Bí ẹ bá ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí òṣùwọ̀n àti tépù kò sì yí padà, tàbí bí ẹ bá ti rí àmì tàírọ́ìdì tàbí ti dexamethasone tí mo kà sókè lára yín, ẹ lọ rí dókítà, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò TSH (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún tàírọ́ìdì), ti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó jẹun àárọ̀, àti ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ẹ mú ìwé oúnjẹ náà, káàdì abẹ́rẹ́ àti gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, àgbo pẹ̀lú.