Mo fẹ́ po 250 mL omi NaOH (sódà kọ́sítíìkì) 0.1 M, ìyẹn mole 0.1 nínú lítà kan, fún titration (fífi omi kẹ́míkà kan wá bí òmíràn ṣe lágbára tó): gíráàmù mélòó ni, kí ló dé tí kì í fi í jẹ́ 0.1 gẹ́lẹ́?

Gíráàmù kan ni. Mole kan NaOH jẹ́ gíráàmù 40, 250 mL sì jẹ́ lítà 0.25, nítorí náà 40 × 0.1 × 0.25 = 1.0.

Má ṣe wọn omi 250 mL kó o wá da sódà sí i. Àpapọ̀ wọn ló gbọ́dọ̀ jẹ́ 250 mL, kì í ṣe omi nìkan. Kọ́kọ́ fi nǹkan bí 100 mL omi distilled yọ́ ọ nínú bíkà. Sódà ni kó o máa dà sínú omi díẹ̀díẹ̀. Tó o bá da omi lé sódà, ó lè hó lójijì kó sì ta sí ọ lójú. Wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ààbò. Jẹ́ kó tutù dáadáa kó o tó dà á sínú fláàsìkì 250 mL tó ní àmì ìwọ̀n lọ́rùn, torí omi gbígbóná máa ń fẹ̀, á sì tàn ọ́ jẹ níbi àmì. Fi omi ṣan bíkà, da omi tó o fi ṣàn án sí i, kó o wá fi omi kún un dé àmì.

Síbẹ̀, kò ní jẹ́ 0.1 gẹ́lẹ́. Sódà máa ń fa ọ̀rinrin àti carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, nítorí náà kì í ṣe gbogbo gíráàmù tó o wọ̀n ni NaOH. Fi potassium hydrogen phthalate (ásíìdì oníyẹ̀fun tó mọ́ gan-an) yẹ̀ ẹ́ wò, pẹ̀lú phenolphthalein (èròjà tó ń yí àwọ̀ padà láti fi hàn pé ásíìdì ti tán): 0.51 g phthalate yẹn ló yẹ kó gba 25 mL omi sódà rẹ. Inú ike ni kó o tọ́jú omi sódà náà sí. Ìdérí onígíláàsì máa ń lẹ̀ pa.