Ṣé tíì aláwọ̀ ewé lè rọ́pò oògùn àtọ̀gbẹ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú, àtọ̀gbẹ ń bá ìyá mi fínra ní Súrùlérè. Aládùúgbò wa kan ní kí wọ́n máa mu tíì aláwọ̀ ewé dípò metformin, oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń lò. Ṣé ó bójú mu?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Lóòótọ́, tíì náà wúlò díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ pa àbájáde ìwádìí 17 pọ̀ lọ́dún 2013, ìwọ̀n 0.09 mmol/L (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ iye ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀) péré ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kí ènìyàn tó jẹun, fi wálẹ̀, èyí tí kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ pa oògùn tì. Màmá lè máa mu ún láìfi ṣúgà tàbí oyin sí i (ṣúgà náà ni oyin, ohun yòówù tí àwọn tó ń tà á ní Ìdúmọ̀tà ìbáà sọ), ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún dókítà wọn.