Ṣé òwe "Apani kì í jẹ́ ká mú idà kọjá nípàkọ́ òun" ní kí a pa agbésùnmọ̀mí?

Ẹnìkan béèrè láti Tákíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé níbi tí wọ́n ti ń gẹrun ni iyàn ti bẹ́ sílẹ̀ lórí àwọn agbésùnmọ̀mí. Bàbá kan ní ikú ló tọ́ sí wọn, ẹ̀wọ̀n gbére kò bá àṣà wa mu, ó sì fi òwe òkè yìí gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ṣé ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn?

Ẹ kú ìbéèrè. Òwe yìí kò dájọ́ fún ẹnikẹ́ni o. Ìwà apani ló ń sọ: ẹni tí ẹ̀mí ọlọ́mọ kì í jọ lójú, bí idà bá kàn gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, àyà rẹ̀ á já. Ìpàkọ́ ni wọ́n sì fi pa òwe náà, wọn kò fi iwájú orí pa á. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Ó mọ ohun tí òun ti fi idà ṣe lẹ́yìn ẹlòmíràn, ìdí nìyẹn tí ara kì í fi í balẹ̀. A máa ń pa òwe yìí fún ọkọ tó ń yẹ fóònù ìyàwó wò lóru, tí tirẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ti pé àṣà wa kò mọ ẹ̀wọ̀n, ṣé ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló yẹ kó sọ ọ́? Nínú ìtàn ìlú yín, Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ló ń da Ọ̀yọ́-Ilé láàmú, Ògúnlọlá ló sì bẹ́ ẹ lórí. Ṣùgbọ́n ibo ni Ògúnlọlá wà kó tó jagun yẹn? Àtìmọ́lé Aláàfin ni, lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn. Wọn kò pa á nílé, Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí, torí iwájú Aláàfin ni ẹjọ́ ẹ̀mí ń parí sí nígbà náà, àwọn Tẹ̀tù, ìyẹn àwọn tó ń bẹ́ orí ọ̀daràn fún ọba, ló sì ń lo idà. Ká ní wọ́n ti pa á lọ́jọ́ tó dé, ta ni ì bá gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ wálé tí a ó fi máa pe ìlú ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Òfin ìgbésùnmọ̀mí ti 2022 pàápàá kò pa gbogbo wọn pọ̀: bí ìwà náà bá mú ẹ̀mí lọ, ikú, àwọn ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn, ẹ̀wọ̀n, títí dé gbére. Ṣáájú òfin yẹn, ẹ̀wọ̀n gbére ni ilé ẹjọ́ dá fún Kabiru Sokoto, ọmọ ẹgbẹ́ Boko Haram, ní 2013, lórí bọ́ǹbù ọjọ́ Kérésìmesì 2011 ní ṣọ́ọ̀ṣì Madalla.

Ní tèmi, ẹ̀wọ̀n gbére ni mo fara mọ́, kì í ṣe torí àánú. Adájọ́ a máa ṣi ènìyàn mú. Orí tí a bá ti gé, Aláàfin pàápàá kò lè dá a padà sọ́rùn. Ẹ bá mi kí bàbá náà. Òwe rẹ̀ dára, ibi tó lò ó sí ni mo bá a jà.