Ẹ́síréè Ò Rí Nǹkan Kan, Ọrùn Ọwọ́ Sì Ń Dùn Mí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo já bọ́ lórí ọ̀kadà, tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún tilẹ̀. Ẹ́síréè ọjọ́ náà ní eegun kankan kò dá, ṣùgbọ́n títí di òní, mi ò lè fún aṣọ. Ìyá ọkọ mi ní kí wọ́n fi omi gbígbóná jó o, kí wọ́n sì wọ́ ọ. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọwọ́ náà. Eegun kéékèèké mẹ́jọ ló wà ní ọrùn ọwọ́, èyí tó sì máa ń dá jù nínú wọn ni èyí tó wà nídìí àtàǹpàkò, tí à ń pè ní scaphoid. Ẹ na àtàǹpàkò yín sókè dáadáa: kòtò kékeré kan yóò yọ láàárín iṣan, níbi tí àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ máa ń bu aáṣáà sí kí wọ́n tó fín in. Ẹ fi ìka tẹ ibẹ̀, kí ẹ sì tẹ ti ọwọ́ òsì wò. Bó bá jẹ́ ti ọ̀tún nìkan ló ta yín, ẹ kà á sí eegun tó dá títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ojú ibi tó sán lè tín-ín-rín débi pé ẹ́síréè ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ní rí i, àmọ́ ó sábà máa ń hàn lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14. Nítorí náà, ó yẹ kí wọ́n ti di ọwọ́ náà lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí ẹ máa padà wá. Oògùn ara ríro nìkan kò tó. Ẹ tètè lọ rí dókítà eegun, kó ya òmíràn. Bí ìyẹn náà kò bá ṣe kedere, CT tàbí MRI, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tó ń ya inú ara kedere ju ẹ́síréè lọ, yóò fi í hàn.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ́ kí n kánjú. Láti ìhà ọ̀dọ̀ àwọn ìka ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ eegun yìí ti ń wọlé, kó tó ṣàn padà sí ìhà igbọ̀nwọ́. Bó bá dá láàárín, ẹ̀jẹ̀ lè má dé apá eegun náà tó wà níhà igbọ̀nwọ́ mọ́, kí apá ibẹ̀ kú, kí oríkèé sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ bọ́dún ṣe ń gorí ọdún. Bí kò bá tíì yẹ̀ kúrò níbi tó wà, POP (ohun funfun líle tí wọ́n fi ń di eegun tó dá) fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 sábà máa ń tó o. Bó bá ti yẹ̀, tàbí tó jẹ́ apá tó wà níhà igbọ̀nwọ́ yẹn ló dá, iṣẹ́ abẹ ni, wọ́n á sì fi skúrù kékeré kan tí kò lórí, tó wọnú eegun pátápátá, fa méjèèjì pọ̀.

Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún Màmá pé dókítà ní kí wọ́n ya fọ́tò ọwọ́ náà ná.