Kò pariwo, mo ṣe bí kò tíì tó àsìkò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ọsibítù kan lápá Òkè-Ògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé obìnrin Fúlàní kan wá, oyún àkọ́kọ́, mo ní kó sọ orúkọ ọkọ ẹ̀ kí n kọ ọ́ sí káàdì, kò dáhùn, ó kàn ń wolẹ̀, inú bí mi díẹ̀ kí n má purọ́. Kò ké, kò kérora, mo ní eléyìí ò tíì rọbí rárá, mo bá gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pariwo lọ. Kí n tó padà dé, orí ọmọ ti yọ! Àlàáfíà ni ìyá àtọmọ wà, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé èmi ni mo jẹ̀bi àbí òun tí ò sọ̀rọ̀?

ÌDÁHÙN: Ìwọ ni, ọmọ mi. Má sunkún ṣá, èmi náà ti ṣe é rí.

Àwọn Fúlàní ní nǹkan tí wọ́n ń pè ní pulaaku, bí àwa náà ṣe ń sọ ọmọlúàbí. Ìfaradà wà nínú ẹ̀, munyal ni wọ́n ń pe ìyẹn, ìtìjú náà wà níbẹ̀, wọ́n ń pè é ní semteende, torí náà ẹni tó bá ké lórí ìkúnlẹ̀ lè máa rò pé òun ti dójú ti ìyá òun. Àwọn Bàrùbá ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Má wá sọ pé gbogbo wọn ni o, mo ti gbẹ̀bí fún Fúlàní kan tí ariwo ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù lórí wa.

Ti orúkọ ọkọ yẹn, kò gbéra ga sí ẹ rárá. Nínú àṣà wọn obìnrin kì í pe ọkọ lórúkọ, wọn kì í tiẹ̀ fẹ́ pe àkọ́bí wọn gan-an lórúkọ. Àbí o ò gbọ́ kí ìyàwó ilé máa pe ọmọ ọdún mẹ́wàá ní "bàbá kékeré" rí ni, torí pé ó bá a nílé ọkọ? Bi ìyá ọkọ tó dúró síta, ó parí.

Ibi tó dùn mí jù ni pé ariwo lo fi ń wọn ìrọbí. Gbé ọwọ́ lé ikùn fún ìṣẹ́jú 10, ka iye ìgbà tó le. Tí ẹnu ilé ọmọ bá ti ṣí tó sẹ́ńtímítà 5, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin lo máa yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ má dúró de wákàtí tó o bá rí i tó di bẹ́ẹ̀dì mú, tó ń sé èémí, tí òógùn bo ojú ẹ̀, tí ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ ká kò. Kó o sì bi í jẹ́jẹ́, kí ọkùnrin kankan má sí nítòsí, ṣé ó ń ṣe é bí ẹni fẹ́ yàgbẹ́.

Lọ́sẹ̀ kẹfà ó máa gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́. Kí i dáadáa, kó o bá a gbé ọmọ. Má sì tún bi í lórúkọ ọkọ mọ́ o, ó ti wà nínú káàdì.